Ẹkùnyàgò Kò Tíì Délé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará àdúgbò. Ẹni tí ikọ́ ń yún lọ́fun, kí ó wú u tán báyìí. Ẹni tí kò tíì so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó lọ so ó kí ó tó jókòó, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnìkan. Oòrùn ṣì wà lókè. Kí ó tó wọ̀, n óò ti mú yín wọ igbó, n óò sì ti mú yín jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi kò mọ ibi tí mo gbà wọ̀ ọ́, kò sì dá mi lójú pé mo ti jáde tán.

Èmi ni Ọdẹ́jìnmí. Èmi ni mo pa akọ ẹfọ̀n tí ó dínà oko mọ́ àwọn baba yín fún oṣù méjì. Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn. Mo ti rí ọ, Ṣóbándé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá baba rẹ yan odì nítorí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, ó sì ku àyè nínú mi fún tìrẹ.

Ẹ mọ̀ mí, n kì í gbàgbé. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó kúrò ní ilé ìwé, ẹ sì ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí pé orí mi ni kò gbé e. Orí mi gbé e. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láoyè ló jókòó sí bẹ́ńṣì iwájú mi, n kò sì fẹ́ rí ìpàkọ́ rẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi kúrò nìyẹn.

Màmá tí ó jókòó tì mí yìí ń mi orí. Ọyáfúnkẹ́ ni, ẹgbẹ́ mi ni, ó ti mọ̀ mí kí irùngbọ̀n mi tó hù. Ó ní, "Orí rẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e, Ọdẹ́jìnmí. Sọ ọ́ bí ó ti rí." Ẹ fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ kí ó lè jẹ́rìí mi ni.

Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àwa mẹ́ta máa ń pàdé lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìwé, bí wọ́n bá ti tú wa sílẹ̀ lọ́sàn-án: Láoyè, Ọyáfúnkẹ́ àti èmi. Baba Láoyè ló ń gun ọ̀pẹ fún gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún Láoyè ti rọ láti kékeré, kò lè gun òkìtì ilẹ̀ lásán. Eré tí a ń ṣe, n kò rí i níbòmíràn rí. A óò tẹ́ iyanrìn sílẹ̀, a óò fi ìka ya igbó àti ìlú sí i, a óò gún èédú ṣe odò. Láoyè ni Onígbó. Bí ó bá ti di ojú tí ó sì ń sọ̀rọ̀, ohunkóhun tí ó bá sọ ni a bá pàdé. Èmi àti Ọyáfúnkẹ́ ní ọdẹ kọ̀ọ̀kan nínú igbó náà, kóró àgbálùmọ̀ ni wọ́n. Ẹkùnyàgò ni mo pe tèmi, nítorí mo fẹ́ kí ẹkùn máa yà fún un lọ́nà. Mo fún un ní ìbọn oparun àti fìlà ewé kókò.

Onígbó á ní, "Ẹ dé ẹnu ihò kan. Nǹkan ń mí nínú rẹ̀. Kí lẹ óò ṣe?"

Èmi á ní, "Ẹkùnyàgò wọlé lọ bá a."

"Ó dáa. Ta òkòtó."

Òkòtó ni ó ń dájọ́ wa, ìdí ìkarahun ìgbín tí a gé tí a sì rẹ́ létí. Bí ó bá yí títí tí ó fi ẹnu wo òkè, ọdẹ rẹ borí. Bí ó bá dojú bolẹ̀, ohun tí ń mí nínú ihò ló borí. Òfin wa kò pọ̀. Onígbó nìkan ló lè la ọ̀nà. Ẹni tí ń ṣeré lè fi ẹnu lásán fún ẹlòmíràn ní ohun tí kò ní, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fún ara rẹ̀ ní ẹyọ nǹkan kan. Bí a bá sì fẹ́ túká, oníkálùkù yóò pe ọdẹ tirẹ̀ wálé lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó nu iyanrìn, kí ó má baà sun inú igbó. Ọdẹ tí ó bá kọ́kọ́ dé Òkè Góńgó, olúwa rẹ̀ ló jẹ, eré sì parí.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ó ku ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo kí Ẹkùnyàgò dé Òkè Góńgó. Láoyè ní, "Ilẹ̀ ń là níwájú rẹ. Ta òkòtó." Mo ta á. Ó yí, ó yí, ó sì fi ẹnu wo òkè. Ojú mi yìí ló rí i. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìka Láoyè tí ó kọjá bí eṣinṣin, òkòtó sì dojú bolẹ̀.

"Ẹkùnyàgò ti já sí kòtò," Láoyè wí.

Mo dìde. N kò bú u, n kò lù ú. N kò sì pe Ẹkùnyàgò wálé. Mo lọ sílé, mo sọ fún baba mi pé n kò lọ sí ilé ìwé mọ́, mo sì bá Láoyè yan odì fún ọgọ́ta ọdún gbáko. Bí ó bá gba ọ̀tún, èmi a gba òsì. Nígbà tí ó ń gbéyàwó, oko ni mo wà. Nígbà tí ó ń sọmọ lórúkọ, mo tún wà lóko.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, Ọyáfúnkẹ́ wá bá mi. Ó ní, "Láoyè kò lè dìde mọ́. Ó ní kí o wá, pé ó ku ọ̀rọ̀ kan nínú eré wa."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Kò sọ ọ́ fún mi."

"Sọ fún un pé mo lọ sígbó."

"O kò lọ sígbó. O ń jẹ iṣu."

"Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, n óò lọ."

"Ọdẹ́jìnmí, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rẹ́ni bá ṣeré."

"Mo ti dàgbà ju ẹni tí ń wá ẹni bá ṣeré."

"Ó lè má rí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o."

Kí ó má baà sọ mí di òpùrọ́, mo ju iṣu tó kù sápò, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sì wọ igbó lóòótọ́.

Igbó yìí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. N kò tíì rìn jìnnà tí ẹtu kan fi kọjá níwájú mi. Mo nàbọn sí i, mo sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ẹtu náà ní. Kì í ṣe pé pàkúté gé ìkan; ibi tí ẹ̀kẹrin ìbá wà dán ni, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò rántí fi í síbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo ti rí i rí. Mo tẹ̀lé e.

Ẹ wo Ọyáfúnkẹ́ bí ó ti ń wolẹ̀. Òun ló ya ẹtu sórí iyanrìn nígbà náà.

"Ìyá mi ló pè mí pé kí n wá pọnmi," ni ó wí. "N kò tíì yà á tán."

Ẹtu náà mú mi dé odò kan tí kò ṣàn, tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, èédú gígún ló mù mí dé orúnkún. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọ̀nà tí mo gbà wá ti dán bí àgbàlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Oòrùn kò kúrò lójú kan. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará, èmi tí mo pa ẹfọ̀n. Mo rántí pé Láoyè lè má rí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, èmi náà sì lè má jáde kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé. Mo sọ fún ara mi pé ti ọ̀nà nìkan ló ń bà mí lẹ́rù.

Ní òdìkejì odò náà ni iwin kan dúró sí. Ojú kan ṣoṣo ló ní, orí orúnkún ló sì wà, tí ó fi jẹ́ pé ó ní láti ká ẹsẹ̀ sókè kí ó tó rí mi.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá ọdẹ."

"Ọ̀nà ilé ni mo ń wá."

"Ẹni tí yóò kọjá yóò dá mi lóhùn. Kí ni à ń gbé kiri láìfọwọ́ dì í mú, tí kì í jẹ́ ká sinmi, tí ẹni tí a torí rẹ̀ gbé e kò sì mọ bí ó ti wúwo tó?"

Mo ní, "Iké."

"Ta ló gbé iké torí ẹlòmíràn? Ẹ tún un sọ."

Mo ronú, mo ní, "Oyún."

Iwin náà ká ẹsẹ̀ sókè, ó wo irùngbọ̀n mi dáadáa. "Ẹ ti lóyún rí ni?"

Inú bí mi. Mo ní ìbéèrè rẹ̀ kò nítumọ̀, mo ní n kò ní dúró kí olójú-orúnkún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ní títí n óò fi kú n kò ní gbàgbé orúnkún rẹ̀ náà. Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi sí ojúgun.

"Ẹ kọjá," ó wí. "Ẹ kò mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá."

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Mo tú àpò mi wò: ẹ̀tù ìbọn, ọ̀bẹ, iṣu sísun. Èwo nínú wọn?

Iwájú díẹ̀ ni mo ti wọ ìlú kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ti dé Èkó, ẹ kò tíì rí ìlú. Ilé ibẹ̀ ní ògiri iwájú, kò ní tẹ̀yìn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sí pápá. Ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́bàá ọ̀nà, kò gbé e kalẹ̀. Mo kí i, ojú nìkan ló yí sí mi. Obìnrin kan ń gbé ọmọ odó sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, kò sì sí odó lábẹ́ rẹ̀. Iṣu ti fọ́nká sí erùpẹ̀.

Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí, o ti darúgbó."

"Ta ni ọmọ?"

"Ìwọ. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ní, 'Obìnrin kan ń gúnyán lẹ́nu ọ̀nà.' Ẹ kò sọ odó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gún afẹ́fẹ́."

Ẹ̀yin ará, mo fi èékánná já ara mi, ó dùn mí. Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ àgbà ni. Síbẹ̀ mo mọ obìnrin yìí. Mo rántí ọ̀sán tí a sọ ọ́, àti pé àgbálùmọ̀ tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kan. Inú iyanrìn ni mo wà bí, tàbí inú igbó? Bí inú iyanrìn bá ni, ta ló ń wò mí látòkè? Mo ń ronú rẹ̀ títí di òní, n kò rí ìdí rẹ̀.

Mo kàn sọ pé, "Odó rèé," odó sì dé. Obìnrin náà gún iyán títí ó fi kúnná.

"Ẹ kò sọ ọbẹ̀ náà o," ó wí.

"Ọbẹ̀ rèé."

A jẹun. Mo nu ọwọ́, mo ní, "Ọ̀nà ilé mi rèé." Nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. Mo tún un sọ, mo pariwo rẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀-lókè wò mí bí ẹni wo wèrè.

Obìnrin náà ní, "O ti gbàgbé òfin. O kò lè fún ara rẹ. Onígbó nìkan ló ń la ọ̀nà."

"Ta ló fẹ́ kí ó la ọ̀nà fún òun? N kò bá a sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Wá bá mi gúnyán nígbà náà. Àyè wà."

Mo wo ìlú náà, mo rí ara mi tí mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́bàá ọ̀nà títí ayé. Mo bi í ní ohùn kékeré pé, "Níbo ni a ti lè rí ọ̀nà tí ó là kẹ́yìn?"

"Níbi tí ó sọ̀rọ̀ dé kẹ́yìn ni. Máa wo Òkè Góńgó lọ."

Mo rí òkè náà lọ́kánkán, ó ga, ó ṣe ṣónṣó, gẹ́gẹ́ bí ìka Láoyè ti máa ń fà á. Ọdẹ tí a kọ́ dáadáa máa ń wo ilẹ̀ bí ó ti ń rìn. Èmi ni mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Òkè ni mo ń wò. Nígbà tí ó ku ìṣísẹ̀ kan, ilẹ̀ là, mo sì já sí kòtò.

Mo bá ẹnìkan níbẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan ni, ó dé fìlà ewé kókò, ó gbé ìbọn oparun lé itan. Ó jókòó, ó kọjú sí ògiri kòtò.

Mo ní, "Ẹkùnyàgò."

Kò yíjú. Ó bá òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Òkúta, bá mi sọ fún bàbá yẹn pé n kì í bá a sọ̀rọ̀."

Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́. Mo jókòó, mo ní, "Òkúta, bi í pé kí ni mo fi ṣe é."

"Òkúta, sọ fún un pé kò pè mí wálé."

"Òkúta, sọ fún un pé ẹjọ́ mi kọ́. Láoyè ló yí òkòtó."

"Òkúta, sọ fún un pé Láoyè kọ́ ló ni mí."

Ẹ̀yin ará, n kò tíì rí ọmọ tó lágídí tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Bí mo ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí nǹkan kan tí ń mì níbẹ̀. Okùn ni. Ó rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tòsí ìpàkọ́ rẹ̀.

"Ta ló so okùn yìí?" Mo gbàgbé òkúta.

Òun náà gbàgbé. "Okùn wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ."

"N kò bojú wẹ̀yìn rí. Mo ń bínú."

Mo di okùn náà mú. Igbà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, a sì ta kókó méjì wọnú ara wọn ní ìdí rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń ta kókó bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa, baba Láoyè, ó sì ti kọ́ ọmọ rẹ̀, bí ọmọ náà kò tilẹ̀ lè gun ọ̀pẹ. Ìyẹn ló wá dà mí lórí rú ju ojú orúnkún àti ìlú aláìlẹ́yìn lọ. Ẹni tó tì mí sí kòtò, kí ló ń fi okùn ṣe níbẹ̀?

Mo ní kí Ẹkùnyàgò gun ẹ̀yìn mi. Ó ní òun ṣì ń bínú. Mo ní kí ó máa bínú lọ lórí ẹ̀yìn. Ó fúyẹ́ bí èso. Mo gun okùn náà dókè. Bí mo ti fọwọ́ kan etí kòtò, òjìji ńlá kan bò wá bí àtẹ́lẹwọ́, igbó àti ìlú sì dán lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá ara mi ní ìdí igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé àtijọ́, èédú lẹ́sẹ̀ mi dé orúnkún, kóró àgbálùmọ̀ kan ní ọwọ́ mi.

Mo gba ilé Láoyè lọ tààrà. Ẹ má sọ pé mo ti dárí jì í. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi í.

Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ti gbẹ bí ewé iṣu. Ọyáfúnkẹ́ wà níbẹ̀, ó ń kán omi sí i lẹ́nu. Láoyè wo ẹsẹ̀ mi, ó rí èédú náà.

"O pẹ́ nínú kòtò," ó wí.

"Ṣé o yí òkòtó, àbí o kò yí i?"

"Mo yí i."

Ọgọ́ta ọdún ni mo fi dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti to ohun tí n óò sọ bí ó bá jẹ́wọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Mo ní, "Okùn náà ńkọ́?"

"Kí o tó dìde ni mo ti so ó. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ kejì. O kò wá."

"Kí ló dé tí o fi tì mí?"

Ó mí, ó sinmi, kí ó tó sọ̀rọ̀. "O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Bí o bá débẹ̀, eré parí. Ẹ̀yin méjèèjì á máa sáré lọ dẹ òkété. Èmi, orí iyanrìn yẹn nìkan ni mo ti ń rìn, Ọdẹ́jìnmí. Mo fẹ́ kí ó di ọ̀la ni."

Ọyáfúnkẹ́ yíjú sí ògiri. Èmi kò mọ ohun tí ojú mi ń ṣe. Mo jáde, mo bu iyanrìn sínú abọ́ páànù tí ó fẹ̀, mo gbé e tì í. Mo fi ìka ya igbó, mo ya òkè àti kòtò, mo ya ẹtu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé Ẹkùnyàgò sí etí kòtò. Ọyáfúnkẹ́ nawọ́, ó fi ẹsẹ̀ kẹrin sí ẹtu.

Láoyè ní, "Ọ̀rọ̀ tó kù nìyí. Pè é wálé, kí a nu iyanrìn."

"Ọdẹ tìrẹ dà?"

"Onígbó kì í ní ọdẹ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Òfin ní mo lè fún ẹlòmíràn ní ohun tí kò ní." Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan lára okùn àpò ọdẹ mi, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹkùnyàgò. "Ọdẹ rẹ rèé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ó wò ó pẹ́. "Láoyè," ó wí.

"Ó dáa. Ó ku ìṣísẹ̀ kan fún àwọn méjèèjì."

"Ọdẹ́jìnmí, pè é wálé. Wọn kì í sun inú igbó."

"N kò pè é."

"O lágídí."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó yí òkòtó."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé e. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó kú, lọ́sàn-án, ní wákàtí tí wọ́n máa ń tú wa sílẹ̀ ní ilé ìwé.

Abọ́ iyanrìn náà ṣì wà nínú yàrá rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ dà á nù, mo ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò. Ní àná ni mo lọ wò ó. Kóró àti ìlẹ̀kẹ̀ náà kò sí ní ibi tí mo fi wọ́n sí. Wọ́n ti sún síwájú díẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn. Ọyáfúnkẹ́ ní eku ni. N kò mọ̀. Ó lè jẹ́ eku.

Ìtàn mi rèé, ibi tí mo gbé e dé nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ lọ tú ewúrẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá nu iyanrìn náà nínú yín, ọgọ́ta ọdún ni n óò fi bá a yan odì, bí mo bá sì kú kí ó tó pé, n óò wá parí rẹ̀.